Ihò Kékeré Abẹ́ Òrùlé: Ohun Tí Gáréèjì Wa ní Gyellesu Kọ́ Wa

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò tíì kàn. Ọ̀rọ̀ yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ni, bóyá gáréèjì ni, bóyá ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé ni. Báwo ni a ṣe lè mú un móoru nígbà ọyẹ́, báwo ni a sì ṣe lè mú un tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ẹ̀mí mẹ́fà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lóru ọjọ́ kan nítorí pé n kò mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí.

Ilé wa wà ní Gyellesu, nítòsí Tudun Wada, ní ìlú Zaria. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, aránṣọ sì ni ìyàwó mi. Nígbà tí a kó dé ilé náà, a bá gáréèjì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kan kò wọ inú rẹ̀ rí lójú wa, nítorí pé a kò ní ọkọ̀. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri rẹ̀, páànù ni òrùlé rẹ̀ láìsí síílìn, irin ni ilẹ̀kùn rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Fèrèsé kékeré kan ṣoṣo ló ní. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi sọ di ilé iṣẹ́. Ó to ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin síbẹ̀, ó gba ọmọ iṣẹ́ márùn-ún, ibẹ̀ sì ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ti ń jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ìbàdàn, ní Ìwó, ní Ẹdẹ tàbí ní Èkó lè rò pé ooru nìkan ni a mọ̀ ní Òkè Ọya. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Orí ilẹ̀ gíga ni Zaria wà, ó fi nǹkan bíi 650 mítà ga ju òkun lọ. Láti oṣù Nòfẹ́ńbà títí di Fẹ́búárì, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa fẹ́ wá láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ oṣù Disẹ́ńbà àti Jánúárì, òtútù lè wálẹ̀ dé ìwọ̀n 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń dín sí i. Bí ó bá sì di Máàṣì àti Épríìlì, ooru ọ̀sán a gòkè kọjá 35. Nínú gáréèjì wa, ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí a le gbagidi débi pé wọn kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ní Jánúárì. Ní Épríìlì, òógùn wọn ni yóò máa kán sórí léèsì oníléèsì.

Òru ọjọ́ kan nínú Ramadan

Ramadan ọdún 1420 Hijira bọ́ sí oṣù Disẹ́ńbà 1999, ọdún ìtúnu ààwẹ̀ sì bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Jánúárì 2000. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé aránṣọ ti máa ń rí ní ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn. Gbogbo ayé ló fẹ́ wọ aṣọ tuntun lọ sí yídì, gbogbo wọn ló sì gbé aṣọ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ti kí àṣámù tán, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ a padà sídìí ẹ̀rọ, ó di ìgbà sààrì.

Ọyẹ́ ọdún náà mú gan-an. Mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo fi páálí dí ojú fèrèsé. Ihò kan wà lábẹ́ òrùlé, níbi tí ògiri àti páànù kò ti pàdé dáadáa, tí àwọn ẹyẹ ológoṣẹ́ máa ń gbà wọlé. Mo gun àga, mo fi àpò sìmẹ́ńtì dí òun náà. Lẹ́yìn náà, mo gbé àdògán wọlé, mo kó èédú sí i. Nígbà tí èédú náà pọ́n tán tí kò rú èéfín mọ́, mo gbé e sí àárín wọn. Iná ìjọba kò sí lọ́jọ́ náà, nítorí náà áyọ́ọ̀nù èédú ni wọ́n tún fi ń lọ aṣọ. Inú gbogbo wọn dùn. Àwọn ọmọ náà dúpẹ́, wọ́n ní, “Bàbá, ẹ ṣeun, ara wa ti móoru.” Mo lọ sùn bí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ rere.

Ó tó aago mẹ́ta òru kí n tó jí láti pè wọ́n wá jẹ sààrì. Mo kan ilẹ̀kùn, n kò gbọ́ ohùn kankan. N kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Mo ti ilẹ̀kùn náà, ooru rọ́ lù mí lójú, ṣùgbọ́n èéfín kò sí, òórùn kò sí. Ìyàwó mi ti gbé orí lé ẹ̀rọ bí ẹni tí ó ń tòògbé. Méjì nínú àwọn ọmọ náà wà nílẹ̀. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ti bì sára, kò sì dáhùn nígbà tí mo pè é.

Mo kígbe. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jí fún sààrì sáré dé. A gbé gbogbo wọn jáde sí àgbàlá, sínú afẹ́fẹ́ tútù tí a ti ń sá fún. Mẹ́rin nínú wọn la ojú láìpẹ́, wọ́n ń di orí mú, ẹsẹ̀ wọn kò ràn. Ọkọ̀ aládùúgbò kan ni ó gbé ìyàwó mi àti ọmọ kékeré náà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi atẹ́gùn ọ́síjìn sí wọn nímú. Ọmọ náà lo ọjọ́ méjì kí ó tó mọ ibi tí ó wà. Alhamdulillah, kò sí ẹni tí ó kú.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti ń sọ pé ayé ni, àwọn mìíràn ní àlùjànnú ni. Dókítà kò jẹ́ kí a lọ jìnnà. Ó bi mí léèrè pé, “Èédú wà nínú yàrá náà?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n kò rú èéfín.” Ó ní, “Bàbá, èyí tí ẹ kò rí ni ó fẹ́ pa wọ́n.”

Nígbà tí ìyá ọmọ náà dé, mo wólẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní Ọlọ́hun ló yọ ọmọ òun, òun kò bá mi jà. Ṣùgbọ́n ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé, kò sì jẹ́ kí ó padà wá síbi iṣẹ́ fún odidi ọdún kan. N kò dá a lẹ́bi. Èmi ni mo gun àga, èmi ni mo dí ihò náà.

Ohun tí ó wà nínú èédú

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín bí dókítà ti ṣàlàyé fún mi. Bí èédú bá ń jó, ó ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ènìyàn lójú. Èédú tí ó ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, ń tú u jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí a bá mí i sínú, yóò lẹ̀ mọ́ ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ó máa ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Agbára tí ó fi ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ́síjìn gbé dé ọpọlọ àti ọkàn.

Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ tí ó dà bí oorun. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti tàn wá jẹ nínú Ramadan, nítorí pé ta ni orí kì í fọ́, ta ni oorun kì í kùn nígbà ààwẹ̀? Ẹ fi ọ̀kan yìí sọ́kàn: bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú yàrá kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara sì ń tù wọ́n bí wọ́n bá bọ́ síta, iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ gbé wọn jáde kíákíá, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ọ́síjìn tí wọ́n ń fi símú a máa tètè lé májèlé náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà ń tú afẹ́fẹ́ kan náà jáde. Kò gbọdọ̀ wọ inú gáréèjì, kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé.

Ó wà nínú àkójọ hádíìsì ti Bukhari àti ti Muslim pé ilé kan jóná ní Madina lóru mọ́ àwọn ará ilé náà. Nígbà tí wọ́n sọ fún Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó kìlọ̀ pé ọ̀tá wa ni iná, kí a máa pa á kí a tó sùn. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ kéú ní hádíìsì yìí rí. N kò mọ̀ pé ilé tèmi ni yóò ti fara hàn.

“Ilé yín kò ní láínìn”

Lẹ́yìn ọdún, aládùúgbò wa kan, àgbàlagbà Hausa tí iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ilé mímọ, wá kí wa. Ó wo gáréèjì náà yí ká, ó fọwọ́ kan páànù, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ìhòòhò ni ilé yìí wà. Ó sọ fún wa pé yàrá bàbá òun nínú ìlú àtijọ́ Zaria kì í gbóná lọ́sàn-án, kì í sì í tutù jù lóru, láìsí iná, láìsí ẹ̀rọ.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Tubali ni wọ́n fi mọ ọ́n, èyíinì ni ìṣù amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko, tí wọ́n sì sá sóòrùn. Ògiri rẹ̀ nípọn gan-an. Igi azara, tí wọ́n ń là lára ọ̀pẹ giginya tí ikán kì í lè jẹ, ni wọ́n fi ṣe àjà rẹ̀, wọ́n sì da amọ̀ lé e lórí. Bí oòrùn bá ń pa ògiri bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀, ọ̀pọ̀ wákàtí ni ooru náà yóò fi rìn kí ó tó dé inú. Nígbà tí yóò bá fi dé, alẹ́ ti lẹ́, òtútù ti dé, ooru ọ̀sán a wá di ìbora òru. Irú ọgbọ́n yìí ni Babban Gwani Mikaila, ọ̀gá mọlémọlé nì, lò nígbà tí ó mọ Mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ ti Zaria ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Páànù kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ohun tí oòrùn bá fún un ni yóò dà lé yín lórí lójú ẹsẹ̀, ohun tí ẹ bá sì ní lóru ni yóò gbé sá lọ sójú ọ̀run.

Ìyàwó mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bí aránṣọ. Ó ní, “Bàbá wọn, ó ti yé mi. Kóòtù tí kò ní láínìn ni gáréèjì yìí.” Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán láínìn fún un, díẹ̀díẹ̀, bí owó ti ń wọlé.

Síílìn ni a kọ́kọ́ ṣe. Zana, ẹní koríko tí àwọn Hausa fi ń ṣe ọgbà, ni a kọ́kọ́ so sábẹ́ páànù. Ó dín ooru kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n eku kó sí i, ẹ̀rù iná sì ń bà wá. Nígbà tí a rí owó, káfíńtà bá wa yọ ọ́, ó kan pákó pẹlẹbẹ sí i, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín pákó àti páànù. Ó lu ihò sí ìpẹ̀kun méjèèjì kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè máa gba ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni a kun páànù náà ní ọ̀dà funfun, nítorí pé funfun a máa dá oòrùn padà. Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Ẹ má ṣe fi fóòmù àga tẹ́ ara ògiri tàbí síílìn, nítorí pé ó ń yára jó, èéfín rẹ̀ sì ń pani. Bí ilé yín bá sì jẹ́ ti àtijọ́ tí síílìn rẹ̀ jẹ́ asbestos, ẹ má ṣe fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má sì fọ́ ọ, nítorí pé eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ilẹ̀kùn irin ni ó kàn. A kan pákó sí ẹ̀yìn rẹ̀, a fi àyè ìka méjì sáàárín. A ṣe àtíbàbà sí iwájú rẹ̀ kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má baà bá a, a sì gbin dóńgóyárò sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Igi náà ti ga ju ilé lọ báyìí.

Fèrèsé tuntun ni ẹ̀kẹta, ọgbọ́n ìrun kíkí ni a sì fi mọ ibi tí yóò wà. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ òjìji láti mọ àkókò ìrun Àìlà mọ̀ pé ní oṣù Disẹ́ńbà, oòrùn ọ̀sán a máa fì sí gúúsù, òjìji wa a sì gùn sí àríwá. Ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Épríìlì, oòrùn a dúró ṣánṣán lórí wa ní Zaria, òjìji a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Nítorí náà, fèrèsé tí ó kọjú sí gúúsù, tí páànù kékeré sì bo orí rẹ̀, a máa gba oòrùn wọlé nígbà ọyẹ́, kì í sì í gbà á wọlé nígbà ooru. Iná ọ̀fẹ́ tí Ọlọ́hun dá nìyẹn, kò sì ní májèlé.

Nígbà tí ooru bá pọ̀ jù

Ní ọdún 2024, Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Máàṣì. Gáréèjì kan náà, iṣẹ́ ọdún kan náà, ṣùgbọ́n ooru ló dé lọ́tẹ̀ yìí. Epo bẹntiróòlù ti wọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù Méè 2023, a kò sì lè máa tan jẹnẹrétọ̀ nítorí fáànù. Ọgbọ́n àmù ni a lò. Ẹ̀yin tí ẹ mu omi nínú àmù ìyá yín rí mọ̀ pé ó máa ń tutù láìsí fíríìjì. Omi ń yọ́ gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń gbé ooru lọ. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti Jigawa, fi ọgbọ́n yìí ki ìkòkò bọnú ìkòkò, ó fi yanrìn tútù sáàárín, ó sì fi ń tọ́jú èso àti ẹ̀fọ́ kí ó má baà tètè bàjẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000.

Àwa fi àpò kòkó tí a rì sómi kọ́ sí ojú fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, jìnnà sí ẹ̀rọ àti wáyà iná, a sì ṣí ihò òkè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà jáde. Afẹ́fẹ́ tí ó wọlé tutù lára ẹni tí ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ààlà rẹ̀: ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí òjò bá ti dé, tàbí bí ó bá jẹ́ Èkó ni ẹ ń gbé, ọ̀rinrin nìkan ni yóò fi kún ilé yín. Níbẹ̀, ibòji àti afẹ́fẹ́ tí ń wọlé tí ń jáde ni kí ẹ wá.

Nígbà ọyẹ́, a kò tún gbé iná wọlé mọ́. A tẹ́ ẹní sórí sìmẹ́ńtì, a wọ ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ tó nípọn, a dí abẹ́ ilẹ̀kùn nìkan. Iṣẹ́ òru ni a dín kù jù. Ìyàwó mi kì í gba aṣọ ọdún mọ́ lẹ́yìn ogúnjọ́ Ramadan, bí ó ti wù kí oníbàárà bẹ̀ ẹ́ tó. Àwọn kan bínú lọ. Ọlọ́hun fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ramadan ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún sẹ́yìn lọ́dọọdún. Bí Ọlọ́hun bá dá ẹ̀mí sí, ọdún 2030 yóò rí Ramadan méjì, ọ̀kan nínú oṣù Jánúárì, èkejì ní ìparí oṣù Disẹ́ńbà. Iṣẹ́ òru ọdún yóò tún bọ́ sínú ọyẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń rán aṣọ lónìí kò tíì ṣiṣẹ́ nínú irú Ramadan bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ wọṣọ fún ilé yín láti ìsinsìnyí, kí ẹ má baà wá èédú lọ́jọ́ náà.

Ọmọ kékeré ọjọ́sí ti di ìyá ọlọ́mọ ní Ìlọrin báyìí, òun náà sì ní ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ó máa ń pè wá lórí fóònù. Bí ó bá ti kí wa tán, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń bi mí: “Bàbá, ṣé ihò abẹ́ òrùlé yẹn ṣì wà ní ṣíṣí?” Mo máa ń sọ fún un pé ó ṣì wà ní ṣíṣí, a fi nẹ́ẹ̀tì sí i, àwọn ológoṣẹ́ sì ti lọ kọ́ ilé wọn sórí dóńgóyárò.

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ ilé wa àti iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó má sì fi àìmọ̀ wa pa ọmọ ọlọ́mọ sí wa lọ́wọ́. Aamiin.